Máṣìnì oní-ABS àti èyí tí kò ní: èwo ni kẹ́ ẹ rà n'Ílọrin?

Ẹni tó bá ti gun máṣìnì láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà mọ bí àgùntàn ṣe ń já sójú títì láìwo ọ̀tún wo òsì. Ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn, ẹ fún ti iwájú, táyà dúró gbagidi, àmọ́ máṣìnì ò dúró, ó ń yọ̀ lọ. Ó ṣe mí rí lẹ́yìn Gànmọ̀, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Àgùntàn náà yè é, ìgbọ̀nwọ́ mi ló bó. Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, bíréèkì ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé ó ní ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì?

Dúrọ́ọ̀mù

Bajaj Boxer táwọn ọlọ́kadà ń gùn, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù lára wọn. Wáyà ló ń fa ti iwájú, irin gbọọrọ ló ń fa ti ẹ̀yìn. Kò ní ọ́ìlì, kò ní kọ̀ǹpútà. Ṣúù rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù kí táyà lè dúró, ò wọ́n, mẹkáníìkì ìdí igi á pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu kúnú tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un jù, táyà á há, kò sì sóhun tó máa bá yín dẹ̀ ẹ́.

ABS

Táyà tó ń yí ló ń gbá títì mú. Tó bá ti há, yíyọ̀ ló kù, ibi tẹ́ ẹ bá sì yí ọwọ́ sí, máṣìnì ò ní gbọ́. Ohun tí ABS ń dènà nìyẹn. Òrùka kan tí wọ́n dá ihò sí lára yíká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìkì, ìyẹn àwo irin tí bíréèkì ń fún mú. Sẹ́ńsọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án, ó ń ka bí ihò ṣe ń kọjá. Bí kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ bá rí i pé táyà fẹ́ dúró lójijì, á dín agbára ọ́ìlì bíréèkì kù, táyà á yí díẹ̀, á tún dá a padà. Lọ́pọ̀ ìgbà ló ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ bíréèkì á máa gbọ̀n mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má tú u sílẹ̀ o.

Ọ́ìlì ló ń lò, torí náà kò ṣeé gbé lé dúrọ́ọ̀mù oníwáyà. Ẹni tó bá ní òun á bá yín fi sí Boxer, owó yín ló ń wò.

BMW ti ń ta ABS lórí máṣìnì K100 wọn láti 1988. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀pọ̀ máṣìnì wa ti ń wá, òfin ti sọ ọ́ di dandan láti oṣù kẹrin 2019 fún máṣìnì tuntun tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ju 125cc lọ. Òfin ilé wọn nìyẹn, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ kan náà lè wà lára máṣìnì méjì kí ọ̀kan má ní in.

CBS ò jọ ABS, bí àwọn òǹtajà tilẹ̀ ń pè wọ́n pọ̀. Ó kàn ń so bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ ni. Táyà ṣì lè há.

Àwọn kan ní ABS níwájú nìkan, àwọn kan ní in nínú méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ń sáré lójú ọ̀dà lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Òmù-Àrán, ti iwájú nìkan tó lójú tèmi: bẹ́ ẹ bá ti tẹ bíréèkì, iwájú ni ẹrù ń rọ́ sí, táyà iwájú tó há ló sì ń gbéni ṣubú kíákíá. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà oníyanrìn abúlé ló ń gbà ṣáá, kó fi owó ẹ̀ ra táyà tó dáa. Lórí yanrìn, ABS lè mú kí máṣìnì pẹ́ kó tó dúró.

Tòkúńbọ̀

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́: iná ABS gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ gùn ún díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Tí kò bá kú, bíréèkì lásán lẹ fẹ́ ra yẹn. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá fún mi, sẹ́lótéèpù dúdú ló wà lórí iná náà. Mo ṣí i, ó ń tàn yòò. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ iwájú, òrùka oníhò ti tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan," òǹtajà náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó yọ owó ABS kúrò lára ẹ̀ nígbà náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó.