Excel lédè Faransé: ohun tí "Personnalisée" ń ṣe sí FCFA àti nọ́ńbà fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Excel ṣe ìṣirò ọjà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìbáà ṣe gàrí lẹ ń tà ní Ouando, ẹ má tẹ "1500 F" sínú sẹ́ẹ̀lì mọ́. F yẹn ti sọ owó di ọ̀rọ̀ lásán. SOMME, tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, á fò ó kọjá, àròpọ̀ á sì jáde ní 0. Ẹ tẹ 1500 nìkan. "Personnalisée", ibi tí ẹ ti ń sọ bí nọ́ńbà ṣe máa hàn, ni yóò wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹ tẹ Ctrl àti 1 pọ̀, ẹ wọ "Nombre", ẹ yan "Personnalisée" nísàlẹ̀, kí ẹ kọ èyí síbi "Type":

# ##0" FCFA"

Ẹ wo àlàfo tó ṣáájú FCFA dáadáa: àárín àmì " méjèèjì ló wà. Bí ó bá bọ́ síta, tó tẹ̀lé 0 gan-an, Excel Faransé á gbà pé ẹ ní kí òun fi 1000 pín owó náà. 250000 á wá hàn ní 250FCFA, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ibi tí irinṣẹ́ yìí ti burú jù lójú mi nìyí. Owó ọ̀hún ò kúkú sọnù: ẹ tẹ sẹ́ẹ̀lì náà, ẹ wo "barre de formule" lókè, 250000 ṣì wà níbẹ̀.

Fún ìwé gbèsè, mi ò rí ohun tó dùn ún lò tó èyí:

# ##0" FCFA";[Rouge]-# ##0" FCFA";"Ó ti san tán"

Àmì ; ló pín in: gbèsè tó kù ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ẹni tó san lé (pupa), lẹ́yìn náà 0. Lórí Excel Gẹ̀ẹ́sì, [Red] àti #,##0 lẹ máa tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ńkọ́? 0" kg" á fi 12,5 hàn ní 13. Méjì irú rẹ̀ á wá di 25, oníbàárà á ní ẹ ṣì í rò. 0,0" kg" ni kí ẹ lò.

Nọ́ńbà fóònù ni mi ò gbà pé kí ẹ fi lé "Personnalisée" lọ́wọ́. Láti òpin oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà Benin ti di oní-10, tí 01 ń ṣáájú. Excel sì máa ń gé 0 iwájú dànù. 00" "00" "00" "00" "00 á dá a padà sójú, àmọ́ ojú lásán ni. Ẹ kọ ="229"&A2 (229 ni kóòdù Benin, A2 ni sẹ́ẹ̀lì tí nọ́ńbà náà wà), ẹ ó rí i pé 0 ò sí níbẹ̀. Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan, ẹ sọ òpó náà di "Texte".