Antivirus Ọ́fíìsì: Kí A Tún Owó Èyí Tó Wà San Ni, àbí Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀?

"Ẹnjiníà, antivirus wo, sọ́fítíwíà tó ń lé fáírọ́ọ̀sì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ló dáa jù?" Àwọn oníléeṣẹ́ kì í jẹ́ kí n tíì jókòó dáadáa kí wọ́n tó bi mí. Èmi náà á bi wọ́n padà: èwo ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín báyìí, ta ló sì ń wò ó? Wọ́n sábà máa ń mọ ìdáhùn àkọ́kọ́. Tó bá di èkejì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn.

Fún ọ́fíìsì tó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún sí àádọ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ẹ tún san owó èyí tó wà nílẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí Microsoft Defender tó bá Windows wá gba iṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ ra òmíràn. Èmi kì í tètè pààrọ̀. Ẹni tó bá ní kí n pààrọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọdẹ tó wà lẹ́nu géètì

Ẹ ṣí Windows Security lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lórí ti ọ̀gá nìkan. Orúkọ tí ẹ bá rí lábẹ́ "Virus & threat protection" ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, bí antivirus mìíràn bá wọlé, Defender á yẹra fún un. Bí láísẹ́ńsì onítọ̀hún bá parí tí kò sì ṣọ́ nǹkan kan mọ́, Defender ló yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní "ó yẹ" o. Ẹ fojú ara yín rí i.

Ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó kan n'Íbàdàn, kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ni mo bá. Láísẹ́ńsì méje ṣì ń ṣiṣẹ́, ti márùn-ún ti kú, méjì tó kù sì jẹ́ èyí tí ẹnì kan bá wọn fi crack sí, ìyẹn ọgbọ́n àyínìke tí wọ́n fi ń lo sọ́fítíwíà olówó láìsanwó. Oníkiráàkì yìí kò tíì gba update láti oṣù mẹ́jọ, síbẹ̀ àmì aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ń sọ pé àlàáfíà ni. Ẹ rántí pé kí crack tó lè wọlé, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ààbò kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó ní kí ẹ lé ọdẹ lọ ná kí òun tó gbẹ́rù wọlé, kí lẹ rò pé ó wà nínú ẹrù rẹ̀? Ibi tí crack bá wà, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi nǹkan wé nǹkan. Ẹ yọ ọ́ lónìí.

Ti server, kọ̀ǹpútà àpapọ̀ tó ń pín fáìlì fún àwọn yòókù, yàtọ̀. Láti Windows Server 2016 síwájú, Defender kì í fúnra rẹ̀ yẹra. Ẹni tó fi antivirus mìíràn síbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dá a dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọdẹ méjì á máa tú àpò ẹnì kan ṣoṣo, sọ́fítíwíà ìṣirò owó á sì máa rìn bí ìgbín. Mo mọ ẹni tó ti torí èyí ra antivirus tuntun, bẹ́ẹ̀ pípa ọ̀kan nínú méjèèjì ni ìbá ti tó.

Ọ̀fẹ́ àti olówó

Defender tó bá Windows wá kò gba kọ́bọ̀. Àwọn tó ń dán antivirus wò, bíi AV-TEST ní Magdeburg ní Jámánì àti AV-Comparatives ní Innsbruck ní Austria, máa ń dán an wò pọ̀ mọ́ àwọn olówó, kì í sì í dójú tini mọ́ bíi ti àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré, mi ò ní ní kó ra nǹkan mìíràn.

Ohun tí ọ̀fẹ́ yìí kò ní ni ojú kan tí ẹ ti lè rí gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ti akọ̀wé, ojú kọ̀ǹpútà akọ̀wé nìkan ni yóò ti pariwo, akọ̀wé á sì pa ìkìlọ̀ náà dé kó lè ríbi ṣiṣẹ́. Àwọn olówó bíi Bitdefender GravityZone, ESET PROTECT àti Sophos Central ní console, ojú kan ṣoṣo tó ń kó ìkìlọ̀ gbogbo kọ̀ǹpútà jọ. Console yẹn gan-an lẹ ń sanwó fún. Microsoft náà ní tirẹ̀, Defender for Business, tó jẹ́ 3 dọ́là lóṣù lórí òṣìṣẹ́ kan nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2022. Ó ti wà nínú Microsoft 365 Business Premium, ọ̀kan lára àwọn ètò íméèlì àti Office tí ọ́fíìsì ń sanwó fún, kò sí nínú Business Standard. Nítorí náà, ẹ wo ìwé owó íméèlì yín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹnì kan wà tó ń san ti Premium, tó tún ń san ti antivirus mìíràn lé e, tí kò sì mọ̀.

Ẹ ro ti dátà náà. Bí ogún kọ̀ǹpútà bá ń fa update lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára kóṣù tó parí. Bitdefender ní Relay, ESET náà sì lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣe kànga: òun á fà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù á wá pọn ọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó lè mú mi pààrọ̀

Òfin lè mú mi pààrọ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títa Kaspersky, antivirus ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà, níbẹ̀. Ní 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó di èèwọ̀ kí wọ́n tún fi update ránṣẹ́ sáwọn tó ń lò ó níbẹ̀. Òfin yẹn kò dé Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà yín bá ní ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà, tàbí tó ń gba iṣẹ́ ṣe fún wọn níbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n á béèrè.

Antivirus ilé tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì náà wà lára rẹ̀. Avast Free, fún àpẹẹrẹ, ìlò ara ẹni ni wọ́n fàyè rẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í ṣe òwò. Ní 2024 kan náà, àjọ FTC tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní kí Avast san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là nítorí pé ó ta àkọsílẹ̀ ibi táwọn èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìròyìn burúkú ọjọ́ kan kò tó láti mú mi pààrọ̀. Ní 19 oṣù keje 2024, update kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows dùbúlẹ̀. Ohun tí mo fi kọ́gbọ́n ni láti máa bi ẹni tó ń ta ọjà bóyá a lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà díẹ̀ kọ́kọ́ gba update káwọn yòókù tó gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní fi antivirus tuntun tẹ́ Windows àtijọ́ nínú. Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 ní 14 oṣù kẹwàá 2025. WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó tó gbowó, ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2017, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe Windows tó lè dí ihò tó gbà wọlé ti jáde láti oṣù kẹta. Bówó ò bá ká méjèèjì, ẹ tún Windows ṣe ná.

Ọjọ́ ìpààrọ̀

Iye tó wà lórí ìwé owó kọ́ ni gbogbo ìnáwó. Sophos máa ń béèrè password tamper protection, ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé yọ ọ́, kí ó tó jẹ́ kí ẹ yọ òun, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì lè ti fiṣẹ́ sílẹ̀. ESET ní irinṣẹ́ tó ń yọ ọ́ nínú Safe Mode, ìyẹn nígbà tí Windows bá ṣí pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan. Bí BitLocker, àgádágodo Windows lórí dísìkì, bá wà níbẹ̀, ẹ wá recovery key, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i, sọ́wọ́ ná. Ẹ kọ àwọn fódà tí antivirus àtijọ́ kì í fọwọ́ kàn sílẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà méjì dán tuntun wò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì lo EICAR, fáìlì ìdánwò tí kì í ba nǹkan jẹ́, láti mọ̀ bóyá ó ń ríran. Iná lè lọ láàárín ìyọkúrò o. Ẹ rí i pé bátìrì kún.

Àwọn oníṣirò Ìbàdàn yẹn, mi ò bá wọn pààrọ̀. Wọ́n ti ní console látilẹ̀ lórí méje tó ń ṣiṣẹ́. Íméèlì ẹnjiníà tó lọ ni wọ́n fi ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló gbà wá láti gba àkáǹtì náà padà. Fífi ọjà kan náà sórí méje yòókù gba ọ̀sán kan péré. Nígbà tí a ṣí console náà, ìkìlọ̀ mọ́kànlélógójì tí ẹnikẹ́ni kò kà ló wà níbẹ̀. Láti ara fláàṣì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá, èyí tí wọ́n fi ń gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé ìsàlẹ̀ ilé.