Ibùdó ìkójọ ike àwọn ìyá àdúgbò wa ní Kúdẹtì: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń kó ike, agolo àti páálí inú ilé wa lọ sí ibùdó kékeré kan tí àwọn ìyá àdúgbò dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Kúdẹtì, níhìn-ín nílùú Ìbàdàn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń darí rẹ̀. Mo ní kí n kọ ohun tí mo rí níbẹ̀ sílẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ń gbé ní Fòkò, Yemẹtu, Òjé àti Bẹẹrẹ, nítorí bí àdúgbò tiwọn ṣe rí ni tiwa náà rí.

Ẹni tó bá mọ àárín ìlú Ìbàdàn mọ̀ pé mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ agbolé wa. Ojú títì ni ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń dúró sí. Ẹni tí kò bá lágbára láti gbé pàǹtí rẹ̀ gun òkè á dà á sí gọ́tà, òjò á sì wọ́ ọ lọ sódò. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún àkúnya. Ojú àwa náà ni ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ṣe ṣẹlẹ̀, èyí tó gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní 100, tó sì gbé afárá lọ. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtí tí a fi dí ojú odò wà lára ohun tó jẹ́ kí ìparun náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí àpò ike tó kún lẹ́nu ọ̀nà ibùdó yìí, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ìwọ̀nyí kò ní dé abẹ́ afárá mọ́.

Sìkéèlì wọn ló mú mi dúró tì wọ́n. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fi ọmọlanke ra ike káàkiri ni a máa ń tà á fún, wọ́n á kàn fojú díwọ̀n àpò, wọ́n á sì dárúkọ iye tó bá wù wọ́n. Ní ibùdó yìí, wọ́n so sìkéèlì tí ojú rẹ̀ rí bí ojú aago kọ́ sára igi àjà. Kí wọ́n tó wọn ẹrù ẹnikẹ́ni, wọ́n á kọ́kọ́ so àpò òfìfo kọ́ ọ, wọ́n á sì dá ọwọ́ rẹ̀ padà sí òdo lójú ẹni tó ni ẹrù. Ní Sátidé kan, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ gbé àpò kan wá, ó sì wọn kílò 5. Ìyá tó dúró ti sìkéèlì gbọn àpò náà, ó gbọ́ tí omi ń ró nínú rẹ̀. Kò pariwo mọ́ ọn rárá. Ó ní, “Ọkọ mi, ṣí gbogbo ìdérí rẹ̀, kí o da omi inú rẹ̀ nù. Ike la ń rà, a kì í ra omi.” Ó dúró dè é títí ó fi ṣe tán, ó tún un wọ̀n, ó di kílò 3, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ka owó lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí òun náà kà á sókè kí òun gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ti fọkàn tán wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ya ẹrù sọ́tọ̀ náà dára. Ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà lọ́tọ̀, ìdérí wọn wà lọ́tọ̀, nítorí oríṣi ike méjì ni wọ́n: bí a bá sọ wọ́n sínú omi, ara ike á rì, ìdérí á léfòó. Èyí tó mọ́ gaara máa ń lówó lórí ju aláwọ̀ ewé lọ, nítorí wọ́n lè sọ ọ́ di àwọ̀ tó bá wù wọ́n. Fún agolo, òòfà tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń lò. Agolo mílíìkì á lẹ̀ mọ́ ọn; agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi alumíníọ́ọ̀mù ṣe kò ní lẹ̀, òun ló sì níye lórí jù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tí a bá rí ni wọ́n ń yọ sọ́tọ̀ fún ṣọ́bìrì, ráàkì àti owó ẹni tó ń ti ọmọlanke, wọ́n sì ń lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri lóṣooṣù. Ẹrù tí mo kọ́kọ́ kó lọ ra kóńgò gàrí kan fún mi.

Àmọ́ wọ́n ní àléébù, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì dùn mí gan-an. Lásìkò òjò tó kọjá, ẹni tó máa ń wá kó ẹrù lọ́wọ́ wọn kò yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àpò kún ibùdó, ó kún ìta, òjò ńlá wá rọ̀ lóru, ó sì gbé bí àpò mẹ́rin padà sínú gọ́tà tí a ti ṣa ike inú rẹ̀ kúrò. Wọn kò ní tapólì tí wọn ì bá fi bò ó. Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì rà á. Ó yẹ kí wọ́n rà á kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wá oníbàárà kejì.

Ohun tó bá lówó lórí nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Páńpáàsì, ọ̀rá píọ̀wọ́tà tó ti dọ̀tí àti ike funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ ṣì ń bọ́ sódò. Bákan náà ni èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé mọ́ínmọ́ín, bẹ́ẹ̀ irú ìwọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú pàǹtí ilé wa ní Ìbàdàn. Ó ṣeé ṣe láti lò ó: láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ń sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ sílẹ̀ ní ọjà Bódìjà. N kò sọ pé kí àwọn ìyá wa kọ́ ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin ewúrẹ́ pọ̀ ládùúgbò, garawa méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkéèlì sì tó láti fi gba èèpo fún wọn.

Àárọ̀ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń ṣí, láti aago méje sí mọ́kànlá. Ẹ mú àpò tiyín dání, ẹ ṣí ìdérí ike, ẹ da omi inú rẹ̀ nù láti ilé, kí ẹ sì dúró níwájú sìkéèlì nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Àwọn fúnra wọn ló máa ń ní kí ẹ dúró.