Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú sìkánà kékeré tí mo fi wá àléébù sẹ́ńsọ̀ gíà rí

Ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ tòkunbọ̀ ológíà ọ́tọ́ yóò mọ ìdí tí mo fi ra sìkánà yìí, ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ ọkọ̀ láti ka àléébù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí. Píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó ẹrù láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kọ̀ láti dáhùn sí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí gíà wà ní P (ipò ìdúró), àfi ìgbà tí mo fà á wá sí N (ipò tí gíà kò fa ọkọ̀). Bó bá sì ń lọ, á há sí gíà kan ṣoṣo. Mẹkáníìkì ní kí n ra gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Ríwáyà ní kíkì sítátà ni. Owó sìkánà náà kò tó ìdámẹ́wàá owó gíábọ́ọ̀sì, ni mo bá rà á.

Kóòdù P0705, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń dárúkọ àléébù, ni sìkánà gbé jáde. Ibí yìí ni kí ẹni tó bá fẹ́ rà á ti fara balẹ̀, nítorí kóòdù náà kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́: ohun tó ń sọ ni pé ìròyìn tó ń ti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ wá bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò yé e, ó sì lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ ẹnu wáyà tí wọ́n fi so ó mọ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún wà, òun ló ń sọ ipò tí awakọ̀ fi gíà sí, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ṣáná ní D (ipò ìrìn síwájú).

Ojú-ewé tó ń fi ohun tó ń lọ lọ́wọ́ hàn ni mo gbóríyìn fún jù lọ. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo fi òkúta há táyà, mo yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣáná sí ọkọ̀, mo wá ń fa gíà díẹ̀díẹ̀. R (ipò ìpadàsẹ́yìn), N àti D hàn gedegbe, ṣùgbọ́n P ń ṣẹ́jú, á hàn, á pòórá, á di R. Nígbà tí a tú ẹnu wáyà náà, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo méjì nínú àwọn abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. A fọ̀ ọ́, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún padà sí ti àná.

Mo ra sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ ní Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn. Ilà kan wà lára rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá ojú ihò mu nígbà tí gíà bá wà ní N, kí a tó dè é pa. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì dè é láì wo ilà, sìkánà sì tú u fó: gíà wà ní D, N ló ń hàn. Bí a bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà ì bá dáhùn ní D kó sì fò síwájú. A tú u, a yí i bí irun orí, ó bọ́ sípò.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Lẹ́tà rẹ̀ kò ṣeé kà nínú oòrùn, wáyà rẹ̀ kúrú débi pé ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ kò lè rí i, ìlà kan péré ló sì fi ń ṣàlàyé kóòdù. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò tí a ń so sìkánà mọ́; ẹni tí tirẹ̀ bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má wulẹ̀ rà á.