Èso inú firíìjì ilé ìtajà ńlá n'Ìbàdàn: gbígbó yàtọ̀ sí pípọ́n

Èso àwọn ilé ìtajà ńlá ní Ring Road, Bódìjà àti Dùgbẹ̀ máa ń wu ojú. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n tò ó sínú àwo fóòmù, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù tó ń dán wé e. Ó dilé kí ọ̀bẹ tó wọ̀ ọ́ ká tó mọ̀ pé mángòrò le bí òkúta, inú ìbẹ́pẹ funfun, ọ̀pẹ̀-òyìnbó sì kan gógó. Owó wọn ju ti ọjà lọ, adùn wọn ò sì tó ti ọjà. Ó dunni, pàápàá nínú ìlú tí NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀, ti wà ní Ìdí-Ìṣìn láti 1975.

Kí ẹ tó da èyí tí ẹ rà nù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gbó. Èso tó gbó ti kó oúnjẹ sára tán lórí igi. Oúnjẹ yẹn ló máa di ṣúgà. Irú rẹ̀, bí kò bá tíì pọ́n, ilé ni yóò ti pọ́n, àyàfi ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ọsàn. Èyí tí wọ́n já láìtíì gbó, bó ti wù kó pẹ́ tó, á kàn hunjọ ni, á sì rà.

Lára mángòrò, ọrùn ni ẹ ó wò, níbi tí igi ti so mọ́ ọn. Bó bá gbó, èjìká rẹ̀ á yọ sókè ju ojú ìdí igi yẹn lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì á kún. Bí èjìká bá ṣe gẹ̀rẹ́ bíi ti igo, wọ́n ti yára já a. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ jù ú sínú garawa omi: èyí tó gbó máa ń rì, èyí tí kò gbó sábà máa ń léfòó.

Ẹ kó èyí tó rì sínú àpò bébà, tàbí kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó ti pọ́n dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene. Òun ló ń mú kí èso tó wà nítòsí rẹ̀ pọ́n. Ẹ gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ilé, kì í ṣe inú oòrùn. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin tó. Ẹ máa gbóòórùn ọrùn rẹ̀ láràárọ̀, ẹ má fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáá, torí ibi tí ìka bá tẹ̀ ló ń dúdú nínú. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù dí i: omi á gbára jọ sínú rẹ̀, èso á sì bu kó tó pọ́n.

Firíìjì ni àwọn ilé ìtajà yìí fi ń ba èso jẹ́ fún wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n tó bá pẹ́ níbi tó tutù ju 13°C lọ, èèpo rẹ̀ á dúdú, inú rẹ̀ ò sì ní pọ́n dáadáa mọ́. Mángòrò àti ìbẹ́pẹ náà ò fẹ́ òtútù. Ara wọn á ní àbààwọ́n, adùn wọn á sì lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń tọ́jú mángòrò lọ́sẹ̀ kan gbáko tí kò yí padà. Tí ẹ bá máa rà níbẹ̀, èyí tó wà lórí àtẹ ni kí ẹ mú, ẹ fi ti inú firíìjì sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá pọ́n ni firíìjì wúlò.

Ọjà náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn kan ń fi kábáídì, èyí táwọn wẹ́dà ń lò, mú èso pọ́n kíákíá. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, torí ó lè ní arsenic àti phosphorus, èròjà tó léwu fún ara, nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ pọ́n dọ́gba-dọ́gba, tí ìdí rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, tí inú rẹ̀ le tí kò ní òórùn, ẹ má rà á.

Mángòrò tí kò gbó kò ní dùn láé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kíkan rẹ̀ dára. Ẹ bó mẹ́rin, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ kúrò lára kóró. Ẹ fi ṣíbí òróró méjì dín àlùbọ́sà ńlá kan nínú ìkòkò tánńganran, torí kíkan rẹ̀ máa ń jẹ ìkòkò aláúmíníọ̀mù. Ẹ da mángòrò sí i, ata rodo méjì tí ẹ gún, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì àti omi ìdajì ife. Bó bá rọ̀ ni kí ẹ tó fi ṣíbí ṣúgà mẹ́rin sí i. Bí ṣúgà bá tètè wọlé, ìdí ìkòkò á jó. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí á fi ki. Dùǹdún tàbí ẹja díndín ló bá a mu.

Ìbẹ́pẹ tí ìlà yẹ́lò kan ti yọ lára rẹ̀ á pọ́n lórí tábìlì. Bí ẹ bá là á tí kóró rẹ̀ funfun, kò gbó. Ẹ bó o, ẹ sè é sínú ẹ̀fọ́. Ẹ fi òróró pa ọwọ́ yín kí oje rẹ̀ má bàa yún yín. Ègé mẹ́ta rẹ̀ nínú ẹran tó le máa ń jẹ́ kó tètè rọ̀. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran á fọ́ wúruwùru.

Ọ̀pẹ̀-òyìnbó ò ní dùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a. Ó lè rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè yí, kíkan ṣì ni. Ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ sóbò pẹ̀lú atalẹ̀. Píà ní tirẹ̀ kì í rọ̀ lórí igi. Ẹ fún un lọ́jọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà nínú bébà.

Ọsàn náà kì í dùn sí i lẹ́yìn jíjá, ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ ewé dá a lẹ́jọ́. Òru tó tutù ló ń yí àwọ̀ èèpo rẹ̀ padà, Ìbàdàn ò sì tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé méjì tí títóbi wọn dọ́gba sọ́wọ́ méjèèjì, èyí tó bá wúwo jù ni kí ẹ san owó rẹ̀.