Ìwé ẹ̀bẹ̀ àbí òòlù? Ọ̀nà méjì tí àwọn obìnrin Bìrìtìkó fi wá ẹ̀tọ́ ìdìbò
NUWSS, àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń wá ẹ̀tọ́ ìdìbò fún obìnrin, tí Millicent Fawcett ṣe olórí fún, bẹ̀rẹ̀ ní 1897. Ìwé ẹ̀bẹ̀, ìpàdé àti ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ ni tiwọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé aṣòfin lè ti ìwé ẹ̀bẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì gbàgbé ẹ̀.

Emmeline Pankhurst ò lè fara da ìyẹn, ló bá dá WSPU, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi ipá jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, sílẹ̀ ní Manchester ní 1903. Òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá tì wọ́n mọ́lé, wọn ò ní jẹun. Wọ́dà á di wọ́n mú, wọ́n á ki rọ́bà bọ imú tàbí ọ̀fun wọn, wọ́n á wá da oúnjẹ olómi sí i. Ìwà ìkà gbáà! Nígbà tí ariwo pọ̀, òfin 1913 ní kí wọ́n tú ẹni tí ebi ti sọ di aláìlera sílẹ̀, kí wọ́n tún lọ mú un tí ara rẹ̀ bá ti le, bí ológbò ṣe ń fi eku ṣeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dáná sunlé lé àwọn alátìlẹ́yìn kan sá.

Ká sọ ti òkìkí, WSPU ló borí. Ti iye ọmọ ẹgbẹ́, NUWSS ni. Òfin 1918 fún obìnrin tó pé ọgbọ̀n ọdún, tí òun tàbí ọkọ rẹ̀ ní dúkìá tó tó, ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. 1928 ni wọ́n tó bá ọkùnrin dọ́gba, láti ọmọ ọdún 21.