Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pọ́ńpù: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin oní-4Runner àtijọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa jíìpù Toyota 4Runner àtijọ́, àwọn ti 1990 sí 1995, pàápàá àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì V6 3.0, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ fún pọ́ńpù epo. Bí ẹ bá ṣáná sí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì dìde, tó wá kú ní kété tẹ́ ẹ tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kì í sábà ṣe pọ́ńpù. Ẹni tó bá ní pọ́ńpù ni láìtíì yẹ nǹkan kan wò, olè ni, tàbí kó jẹ́ òpè. Èyí tó mú èmi, olè ni.

Ṣakí ni mo ti ń bọ̀, elùbọ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dẹ́nu. Mo dúró ra omi ní Ìsẹ́yìn, ó parí. Mo ṣáná, ó dìde. Mo fọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́, ó kú fin-ín. Wọ́n wọ́ wa dé Ìbàdàn, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ. Mẹkáníìkì mi lọ sìnkú nílé wọn, ni wọ́n bá júwe ọkùnrin yìí fún mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù páàtì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń tún ọkọ̀ ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tó ń ta oògùn ló tún ń sọ àrùn tó ń ṣe èèyàn! Ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n ta ni ì bá fura? Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ ìyá mi nìyí." Kò mú tẹ́sítà, kò wo fíúùsì, kò tẹ́tí sí táǹkì. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú lẹ́ẹ̀kan, ó mirí: "Pọ́ńpù ti lọ, Mọ̀mí."

85,000 náírà. "Ojúlówó Denso ni, láti Japan." Páálí náà ń dán, wọ́n kọ Denso sí i gàdàgbà. Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n fa epo mi sínú kẹ́ẹ̀gì, n ò sì rí kẹ́ẹ̀gì náà títí dòní. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo! Wọ́n de pọ́ńpù tuntun. Mo ṣáná, ó dìde. Mo tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó kú.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o. Ó ní tuntun náà ti jóná nítorí pé epo mi dọ̀tí. Epo tèmi! Ó ní kí n ra òmíràn, òun á bá mi dín owó. Mo sì rà á. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rà á, ẹ má bú mi. Òjò ti ṣú, elùbọ́ wà nínú ọkọ̀, àwọn oníbàárà mi ní Bódìjà ń pè mí ṣáá. Àwọn kan ti ń sọ pé torí mo jẹ́ obìnrin ni. Àbúrò mi ọkùnrin ló dúró tì mí níbẹ̀ tó ń mirí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n! Pọ́ńpù kejì náà, ohun kan náà. Ó dìde, ó kú.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi dé, ó mú riwáyà kan wá, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọmọkùnrin yẹn ò tú nǹkan kan. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó ṣí àpótí kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí, ó fi wáyà kúkurú so ojú iná méjì inú rẹ̀ pọ̀, èyí tí wọ́n kọ +B sí àti èyí tí wọ́n kọ Fp sí, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, kí n má ṣáná. Pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú táǹkì. Ó wá ní kí n ṣáná. Ẹ́ńjìnnì dìde, kò sì kú mọ́. Ojú tì mí débi pé ẹ̀rín ló ń pa mí.

Àlàyé rẹ̀ ni pé nígbà tá a bá ń ṣáná, iná tó ń lọ sí sítátà ló ń ta rìléè pọ́ńpù (swíìṣì tó ń gbé iná fún pọ́ńpù) jí. Tá a bá ti tú kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, iná yẹn ti lọ nìyẹn. Swíìṣì kékeré kan wà nínú airflow meter (ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) tó máa ń pa dé nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà bá taari ilẹ̀kùn inú rẹ̀ ṣí. Òun ló ń di rìléè mú lẹ́yìn náà. Wáyà kan ló já lẹ́yìn plug airflow meter mi. Wáyà kan ṣoṣo! Owó tí riwáyà gbà ò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí olè yẹn jẹ.

Pọ́ńpù mi àtijọ́ ńkọ́, èyí tí nǹkan kan ò ṣe? Ọkùnrin náà ti gbà á: "Mọ̀mí, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtí ṣe?" Mo padà lọ béèrè, ó ní òun ti sọ ọ́ nù. Irọ́ ni! Mo gbà pé ó ti fọ̀ ọ́, ó ti dì í sínú páálí dídán, ó ti tà á fún ẹlòmíràn tí pọ́ńpù tiẹ̀ náà ò bàjẹ́. Èyí tó ní ó jóná, mo fi agídí mú un lọ sílé. Riwáyà fi bátìrì kàn án wò níta gbangba, ó yí! Mo fi èékánná họ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó ṣí kúrò pátápátá, kò sí nọ́ńbà kankan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi han ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò jẹ́ Mọ̀mí mọ́: "Ìyá yìí, páàtì tí iná bá ti kàn, a kì í gbà á padà." Ó ti dí nọ́ńbà mi.

Kíá kíá: ẹ kọ́kọ́ wo fíúùsì tí wọ́n kọ EFI sí. Kí wọ́n wọn iná níbi plug pọ́ńpù nígbà tẹ́nì kan bá ń ṣáná lọ́wọ́, kí wọ́n tó sọ táǹkì; tí kò bá sí nǹkan bíi volt 12 níbẹ̀, wáyà tàbí rìléè lẹ máa wá, ẹ wo wáyà ilẹ̀ náà bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ má fi wáyà +B àti Fp yẹn rìn o. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, pọ́ńpù ò ní dúró. Ẹ gba páàtì yín àtijọ́.

Gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù páàtì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yin olóòótọ́ tó wà láàárín wọn, ẹ bínú bẹ́ ẹ bá fẹ́. N ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, ẹjọ́ ò wù mí rò. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní Mọ̀mí tàbí Dádì tó gbé páálí dídán síwájú yín, ẹ fi èékánná họ ọ́ wò lójú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka owó.